Ẹ Má Dá Mi Lóhùn Mọ́

Nígbà tí yunifásítì tí mo ti ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé sọ pé dandan ni kí gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, orí fóònù la ó ti ṣe é, ẹni tó bá sì yege ni wọn yóò fún ní kíláàsì tirẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Kíláàsì yẹn ni mo fẹ́. Kì í ṣe nítorí ipò. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń dá gbé ilé tí bàbá mi kú fi sílẹ̀ ní Ṣakí, tí mo ń bu yẹ̀pẹ̀ oko sínú ọ̀rá fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sóko nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà kò sì sọ ju "Ẹ dì mí mú dáadáa" lọ. Ó sú mi. Mo fẹ́ yàrá tí èèyàn kún inú rẹ̀, tí wọn yóò máa wò mí lẹ́nu.

Lórí fóònù ọ̀hún, obìnrin tó ń kọ́ wa nìkan la máa ń rí. Àwa yòókù pa kámẹ́rà, a di àpótí dúdú, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, kó dákẹ́, kó ka ení dé ẹ̀wá nínú, kó máa wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ní ojo olùkọ́ ló ń béèrè tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ojú ta ni kí n wò? Mo to àga mẹ́fà sí pálọ̀ bàbá mi, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó fún fídíò ìdánwò tí a ó fi ránṣẹ́, mo sì bi àwọn àga léèrè pé, "Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ oko ti ṣá, pé kò lọ́ràá mọ́?" Mo dákẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Ohùn kan gba ojú fèrèsé wọlé. "Koríko ibẹ̀ ni kí o wò. Koríko kì í purọ́."

Ìyá elélùbọ́ tó ń gbé ilé kejì ni. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi ló máa ń sá iṣu rẹ̀ sí. Mo ṣàlàyé fún un pé ìdánrawò ni mò ń ṣe.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n o béèrè ọ̀rọ̀, o sì dákẹ́. Ṣé kí ọ̀rọ̀ wá ṣubú sílẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́. Bí mo bá ti béèrè, á dáhùn. Kí n sọ òtítọ́, àwọn ìdáhùn rẹ̀ kan sàn ju ohun tó wà nínú ìwé mi lọ, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ká fídíò tí wọn yóò fi dán mi wò, bátìrì kọ́kọ́ kú. Ìgbà kejì, ewúrẹ́ wọlé. Ìgbà kẹta ń lọ geerege, ó kù díẹ̀ kó parí, mo béèrè ìbéèrè, ni ìyá bá dáhùn, ó tún wá fi kún un pé, "Ọmọ mi, ṣé o tiẹ̀ ti jẹun?"

Inú bí mi. Mo yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó gbójú sókè sí mi. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn àga. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí iṣu rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Fídíò kẹrin dùn ún wò, kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Òun ni mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní mò ń béèrè ṣùgbọ́n n kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò dáhùn, pé ojú mi ti padà sórí ìwé kí n tó kà dé ẹ̀ta. Wọ́n fún mi láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Mo ra búrẹ́dì, mo lọ sílé ìyá láti bẹ̀ ẹ́. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ta èlùbọ́ sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní Ìgànná, ó ti lọ wẹ ọmọ, kò sì ní tètè dé.

"Ó fẹ́ dágbére fún ẹ lọ́jọ́ tó ń lọ," obìnrin náà ní. "Ó dé ẹ̀yìn fèrèsé ẹ, ó gbọ́ pé ò ń sọ̀rọ̀. Ó ní o ti ní kí òun má dá sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ búrẹ́dì náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo to àga, mo tan fóònù. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè, mo béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá, mo sì kọjú sí fèrèsé. Kò sí iṣu lórí àpáta. Mo ka ení dé ẹ̀wá, n kò dúró. Mo ti ń kà lọ sí ọgbọ̀n kí n tó rántí pé fóònù ń ká mi sílẹ̀. N kò gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo yege. Wọ́n fún mi ní kíláàsì náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mo ti wá mọ bí a ṣe ń dúró de ìdáhùn, pé ó hàn lójú mi pé mo mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.