Bébà Sìmẹ́ńtì Lójú Fèrèsé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park nílùú òyìnbó níbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ bébà dúdú tí wọ́n fi ọ̀dà pa sórí òrùlé. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ọmọ mi fọwọ́ dímú: "Mummy, it stinks, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre." Mi ò lè lọ. Òórùn ilé wa ni.

Ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé gíláàsì lẹ bá lójú fèrèsé, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòròdú, yàrá kan là ń gbé nílé onílé. Ìyá mi lóyún, ó sì búra pé òun ò ní bí ọmọ yìí síbi tí ìyá onílé ti ń bínú bí ọmọ bá sunkún. Ilé tí bàbá mi ń kọ́ ti lórùlé, ṣùgbọ́n kò ní fèrèsé, òjò sì ti ń ṣú. A kó wọlé bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Bàbá mi tú àwọn àpò sìmẹ́ńtì, ó gbọn eruku wọn dànù, ó fi ògì gbígbóná lẹ̀ wọ́n mọ́ igi fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó kọ́ ààfin.

Ògì yẹn ló kó bá wa. Kí á tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ti gun bulọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, wọ́n ti jẹ fèrèsé wa tán. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Èmi náà sunkún, ẹ̀rù ń bà mí pé a máa padà sílé onílé. Bàbá mi tún tú àpò sìmẹ́ńtì sí i. Ó lẹ bébà mìíràn, ó wá fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì kùn ún tinú-tòde. Àwọn ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yíjú padà. Òjò rọ̀, kò kán sí wa lára. Inú òórùn yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi sí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: Ilésanmí ni wọ́n sọ ọ́.

Kó tó gbọ́njú, a ti ṣí bébà náà kúrò, a ti fi gíláàsì sójú fèrèsé. Àwọn òbí wa ti di olóògbé. Ayálégbé ló wà nílé náà báyìí, àdúrà mi sì ni pé kí ọmọ wọn máa sunkún bó ṣe wù ú.

Woolwich, nítòsí Birchmere Park, ni Ilésanmí ti ń wa bọ́ọ̀sì. Mo pè é láti ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ yẹn. Ó dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó dúró tì mí, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

"Sister mi, ṣé bó ṣe ń rùn nìyí?"

"Bó ṣe ń rùn nìyẹn."

Ó ní ká ṣì dúró díẹ̀. Ọmọ mi wojú wa, ó sì rọra mú ọwọ́ kúrò nímú.