Bí Mo Ṣe Dáná Sun Pápá Gọ́ọ̀fù Wa

Ràfíù Àlàó ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé pápá gọ́ọ̀fù wa lẹ́yìn Tẹ̀dé, ó gbé garawa ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì tú nínú mọ́tò lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pò ó mọ́ yanrìn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ṣé a fẹ́ dín in ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Omi kò tó lọ́dọ̀ wa tí a ó fi máa bomi rin koríko yí ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ ká. Yanrìn ọlọ́ìlì yẹn la ń tẹ́ síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Búráùn la ń pè é. Mẹ́sàn-án la ní. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èmi àti Ràfíù fi tọ́jú wọn.

Nígbà òjò èṣí ni Ràfíù kú. Inú rírun ọjọ́ méjì péré ni. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń lọ, èmi nìkan ni mò ń bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìbàdàn, tó sì máa ń gbá gọ́ọ̀fù, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Baba Ṣadé, àwa mẹ́jọ fẹ́ wá najú fọ́jọ́ mẹ́ta. Pápá kéékèèké la fẹ́ o, ariwo ìlú ńlá ti sú wa. Ẹ bá wa tò ó."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo tò ó sínú ìwé dáadáa. Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kìíní. Òkèhò lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sùn nílé Ìyá Bísí tó ní yàrá àlejò. Tiwa gbẹ̀yìn, nítorí ibi téèyàn ti jẹun kẹ́yìn kì í tètè gbàgbé.

Mọ́gàjí Oyèwùmí, tí ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ pápá wa, ti sọ fún mi pé, "Baba Ṣadé, bí àwọn yìí bá wá, tí wọ́n sì láwọn ó máa wá lọ́dọọdún, pápá yóò wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kajú ni màá gbìn."

Koríko ti gbẹ, ojú sì ń tì mí. Mo rántí pé Ràfíù a máa dáná sun koríko kí ó lè rú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dé, mo sun gbogbo pápá pátá. Ó sì rú! Ó tutù yọ̀yọ̀, gbogbo ibi tó yí i ká sì gbẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tiwa, màlúù ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti fi pátákò tú búráùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo kígbe mọ́ Bẹ̀lló darandaran, tí mo mọ bàbá rẹ̀.

"Bẹ̀lló, o pa mí!"

Ó ní, "Baba, ẹ má bínú. Koríko tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n. Baba Ràfíù kì í sun gbogbo rẹ̀. Lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò, ló ń sun fún wa. Tí màlúù bá ti jẹ níbẹ̀, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ yín."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé iná kàn ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ràfíù, ìwọ tí ò mọ iná dá." Á kàn rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Bẹ̀lló po yanrìn mọ́ ọ́ìlì di ìrọ̀lẹ́. Búráùn méjì la rí tún ṣe, ọ́ìlì tán.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn àlejò dé. Wọ́n gbá ihò méjì yẹn. Nígbà tí wọ́n dé ihò kẹta, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Ẹ ti gbìyànjú, Baba Ṣadé. Ẹ jẹ́ kí àwa padà s'Òkèhò."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mọ́gàjí ránṣẹ́ pè mí kí n wá fi ibi tí omi kì í dúró sí han àwọn tó fẹ́ gbin kajú. Mo lọ. Mò ń tọ́ka, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ tẹ̀lé mi.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Baba, ẹ mà mọ ilẹ̀ yìí o."

Mo ní, "Ràfíù ló mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Ta ni Ràfíù?"

Kí n tó lanu, ó ti bọ́ sí ọ̀nà ihò tó kàn.