Òkúta Dúdú Inú Kànga Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó ku díẹ̀ kí ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀dá mú gan-an lọ́dún náà. Odò tí àwọn obìnrin ń pọn ti gbẹ, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tí omi sun nínú kànga, tó mọ́ gaara, gbogbo agboolé hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ń bu omi dà sórí ara rẹ̀ bí ọmọdé.

Èmi ni mo ba ayọ̀ náà jẹ́. Ahunṣọ ni mí, mo sì ní òwú funfun tí mo fẹ́ fi hun aṣọ ìgbéyàwó fún ìdílé kan ní Kíṣí. Ìyàwó mi fi omi kànga tuntun àti ọṣẹ dúdú fọ òwú náà, ó sá a sóòrùn. Kó tó gbẹ tán, àbàwọ́n dúdú ti bò ó, àfi bí ẹni pé wọ́n fi èédú pa á.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ wo ohun tí kànga yín ṣe fún mi."

Ojú rẹ̀ le. "Kànga mi? Lọ bi ìyàwó rẹ bóyá inú ìkòkò aró ló ti fọ̀wú."

"Kò sún mọ́ aró rárá."

"Ó dáa. Ẹ má pọn omi mi mọ́."

Mo gbé òwú mi kúrò níwájú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di òwúrọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga fúnra rẹ̀. Ohun tó gbé jáde, ìdí òfì mi ló gbé e wá: òkúta dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú pàlàpálá àpáta, bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ọwọ́ mi dúdú.

Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa gbé e síná, ó fẹ́ ẹ títí, irin kankan ò jáde. Àwọn kan ní ká dí kànga náà. Ìgbà náà la gbọ́ pé òyìnbó kan tó ń yẹ òkúta wò ti ti ọ̀nà Ìráwọ̀ dé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbọ̀nà ilé àlejò ìjọba lọ. Ọmọ Ìlúà kan ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Òyìnbó náà fi òkúta wa fa ìlà sára àfọ́kù tánganran funfun. Ìlà náà dúdú. Ó fò dìde! Ó tan àtùpà kékeré, ó yọ́ iyọ̀ funfun kan sẹ́nu wáyà títí ó fi di ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ bí omi. Ó fi ìyẹ̀fun òkúta wa díẹ̀ kàn án, ó tún fi ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ iná sí i. Nígbà tó gbé e sókè, ìlẹ̀kẹ̀ náà ti di àwọ̀ ese àlùkò!

"Subuhanallahi!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè rí i dáadáa. Látọjọ́ tí mo ti ń hunṣọ, n ò rí ese àlùkò tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí, inú òkúta dúdú ló sì ti jáde.

Kò tíì tán o. Ó da ìyẹ̀fun yòókù sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́ iná sí i títí ó fi pọ́n. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iná orí rẹ̀ ti kú, tó ku ẹ̀ṣẹ́ná pupa, ó tì í bọ ẹnu ìgò. Fàà! Igi náà gbiná. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, ó tún un ṣe.

Mo bi ògbufọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún tan iná yẹn?"

"Ó ní afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ ló wà nínú òkúta náà. Ó ní irin kan wà nínú àwọn àpáta yín, máńgánísì lorúkọ rẹ̀, kì í ṣe irin alágbẹ̀dẹ. Omi òjò ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ojú ò lè rí i, bí iyọ̀ tó ti yòrò. Níbi tó bá ti pàdé afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á di ohun dúdú yìí. Bí ọ̀kan ṣe ń lẹ̀ mọ́ òmíràn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó di òkúta."

"Ṣé ohun tó ṣe òwú mi nìyẹn?"

Ó bi òyìnbó, ó yíjú pa dà. "Òun ni. Ọṣẹ tí ẹ fi eérú sè ló jẹ́ kó yá kánkán."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Kì í ṣe ìyàwó rẹ nígbà náà."

"Kì í sì í ṣe kànga yín."

A bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà bá wa rẹ́rìn-ín, bí kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí a sọ. Ó ní omi náà ṣeé mu, àmọ́ ká kọ́kọ́ da eérú díẹ̀ sínú ìkòkò omi náà, ká ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí dúdú náà á fi rọlẹ̀ sísàlẹ̀, tí omi á tòrò, ká tó fi fọ̀wú.

Eré la fi gba apá kan ọ̀nà pa dà sílé, àgbàlagbà méjì! Mo rò fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bí eérú bá ń mú un wá, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ohun kíkan á lé e lọ." Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òwú, ó ń fi ọwọ́ ra á. Àbàwọ́n náà ń pòórá lójú wa, òwú ń funfun pa dà. Mo kígbe pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá wò ó, kó sì mú ọsàn sí i bọ̀. Ó dé tòun ti ọsàn wẹ́wẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó mi fún un.