Mo Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Àjẹ́ Inú Fíìmù ní Agége

Òkùnkùn ṣì bo Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo gbé báàgì kọ́ èjìká, orúnkún mi sì ti ń ráhùn kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Màámi Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti jí ṣáájú mi. Ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí, nítorí ó ti pẹ́ gan-an tó ti jókòó síwájú ilé kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo ní mò ń lọ. Ó ní, "Kí Ọlọ́run sìn ẹ́ lọ, kó sìn ẹ́ bọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, má bá wọn jà. Kí ni wọn ò tíì pè mí?" Mo ṣe àmín sí àdúrà, mo jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé mi, Ẹyẹ Orí Òrùlé, ẹ mọ̀ pé ìtàn abàmì ni. Ọmọ méjì kú nínú agbo ilé kan, òwìwí ń ké lórí òrùlé, gbogbo èèyàn sì na ìka sí opó arúgbó tó ń gbé yàrá ìpẹ̀kun. Ní ìparí ìwé, nọ́ọ̀sì kan rí i pé etí kànga ni ọkùnrin kan nínú ilé náà ti máa ń fọ ike oògùn tó fi ń fín ẹ̀wà lóko. Omi ló pa àwọn ọmọ. Arúgbó ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ kànga, ṣùgbọ́n ẹni tí mo wò kọ arúgbó yẹn ni Màámi Àgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n lé e jáde nílé ọkọ rẹ̀ nítorí òkú ọmọ méjì àti ariwo òwìwí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mọ àìsàn tó pa àwọn ọmọ náà títí dòní. Mo fi ìwé náà gbèjà rẹ̀ ni, gbogbo àdúgbò wa ló sì mọ̀. Àwọn tó kà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Àmọ́ mélòó ló ń kàwé? Fíìmù ni ayé ń wò, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń wò ó. Inú mi dùn nígbà tí Délé, ọmọ Agége tó ń ṣe fíìmù, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, mo sì buwọ́ lùwé fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá pè mí: "Mọ́mì, a ti yí ìparí rẹ̀ díẹ̀ o. Ìyá àgbà yẹn máa jẹ́wọ́. Ó máa ka gbogbo ọmọ tó pa jẹ lójú gbogbo èèyàn, ẹyẹ á sì fò jáde lẹ́nu rẹ̀." Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ tí fíìmù yẹn bá dé àdúgbò wa, òkúta ni wọn yóò sọ lu òrùlé wa. Ohun tó gbé mi kúrò nílé nìyẹn.

Mo kírun Àsùbáà ní gáréèjì, mo wọ ọkọ̀ akérò. Owó ọkọ̀ ti tún lọ sókè. Awakọ̀ ní kí n má bi òun, kí n lọ bi epo bẹntiróòlù. Láti ilé wa dé Ọ̀yọ́, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ìbàdí mi mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti Ìbàdàn ni ọ̀nà ti wá tẹ́jú, awakọ̀ sì tan fíìmù sójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó gbé síwájú. Ọkùnrin kan pe ọfọ̀, èéfín sọ, ó pòórá.

Awakọ̀ mi orí. "Àwọn àgbà mọ nǹkan o, Màmá."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò pòórá dé Èkó, kó yé dààmú ọkọ̀?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, òun náà rín. Mo bi í bóyá ó gbà pé àjẹ́ ń pa ọmọ lóòótọ́. Ó ní, "Ṣebí àwọn baba wa ló sọ ọ́: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gbogbo ọkọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òwe yẹn gan-an ni wọ́n pa fún Màámi Àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Òwe tó dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá òótọ́ ni.

Mo sọ̀ ní Bẹ́gà, ní àbáwọ Èkó, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ẹ̀gbẹ́ àdúgbò Ọmọ́lé kọjá, mo tún wọ òmíràn lọ sí Agége. Ní ilé wa, bí o bá wọ ọkọ̀, ó kéré tán awakọ̀ yóò bi ọ́ pé ilé ńkọ́. Níbí, ohun tí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ni, "Màmá, ẹ mú ṣénjì yín lọ́wọ́ o." Mo ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n abọ́ tí wọ́n bù fún mi, ọmọdé Ògbómọ̀ṣọ́ yóò bi ọ́ pé ìtọ́wò ni tàbí oúnjẹ.

Lokéṣọ̀n ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Tiwọn wà nínú ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé láàrin Agége àti Ìkẹjà. Mo wọlé, mo sì ya ẹnu sílẹ̀. Agbo ilé abúlé odindi ló wà lábẹ́ òrùlé páànù yẹn! Wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ògiri, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀. Kànga wà níbẹ̀ tí kò jìn ju orúnkún lọ. Ìkòkò, ẹní, àdògán, gbogbo rẹ̀ pé. Àfi ariwo ni kò jọ ti abúlé: ilé iṣẹ́ ike wà lẹ́yìn ògiri, bí ẹ̀rọ wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, Délé á ké pé kí gbogbo èèyàn dúró, ẹni tó ń ṣe olóògùn á sì gbé àdó rẹ̀ sílẹ̀ lọ mu omi inú ọ̀rá.

Délé dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó gbé àga wá. Ọmọ dáadáa ni, ìyẹn gan-an ló sì mú ọ̀rọ̀ náà le. Mo sọ ti Màámi Àgbà fún un, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó fọwọ́ nu ojú.

"Mọ́mì, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oògùn ẹ̀wà nínú kànga, ta ló máa ra dátà torí ìyẹn? Àjẹ́ ni wọ́n fẹ́. Bí àjẹ́ ò bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní fíìmù ò parí."

"Bí wọ́n bá wá sọ òkúta lu ìyá mi ńkọ́?"

"Ẹ ti fọwọ́ síwèé, Mọ́mì. Ọ̀la la máa ya ibẹ̀. Ọ̀la náà ni ọjọ́ tí a háyà ilé yìí fún máa pé." Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó rẹ̀ mí tinútòde.

Ìyá tó máa ṣe arúgbó náà ló mú mi lọ sùn sílé rẹ̀. Ìyá Ìbùkún lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Ó ń pè mí ní Àlàájà, mo sì ti sọ fún un pé n kò tíì rí Mẹ́kà. Ó ní ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége ti tó pè bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe wọ àdúgbò rẹ̀, obìnrin kan tó ń wẹ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà rọra gbé ọmọ náà, ó wọlé. Ìyá Ìbùkún kí i síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ló dá a lóhùn.

Ó ní, "Ẹ má wò ó, Àlàájà. Àjẹ́ ni mò ń ṣe nínú fíìmù láti ọjọ́ tí irun mi ti ń funfun. Ṣé ẹ rí i, kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, màá fọwọ́ kan ilẹ̀, màá ní eré ni mò ń ṣe o. Ilẹ̀ gbọ́. Ará àdúgbò ò gbọ́. Ọmọ tí ọmọ mi bí, ìyá ọkọ ọmọ mi ò jẹ́ kí n gbé e lọ́jọ́ ìkómọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?"

"Kí n máa jẹ kí ni?" Ó bu ẹ̀kọ fún mi. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n sọ ìtàn Màámi Àgbà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dópin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àwọn òṣèré wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi tó ń kọ̀wé, mo rò pé wọ́n á ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Rárá o! Olùdarí á kàn sọ pé, "Ìwọ ni ìyàwó, ọkọ rẹ ti mọ̀ pé o jalè, ó yá," wọ́n á sì wá ọ̀rọ̀ ọ̀hún láti ikùn ara wọn. Bí àwọn baba wọn tó ń ṣe eré kiri ìlú ti ń ṣe é nìyẹn. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, ohun tí Délé sọ fún Ìyá Ìbùkún kò ju pé: "Wọ́n ti gbá yín mú, Mọ́mì. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí ẹ jẹ́wọ́."

Ó kúnlẹ̀. N kò rí i kó fọwọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń ṣe ará abúlé pariwo lé e lórí pé kó kà, kó kà. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó wá gbójú sókè.

"Kí ni kí n kà? Ọkọ mi kú, ẹ ní èmi ni. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn kú, ẹ ní èmi ni. Nígbà tí mo ń se àgbo fún un, ìyá rere ni mí. Ìgbà tó kú lẹ tó rántí pé arúgbó ni mí. Ta ló ń fọ ike oògùn létí kànga yìí? Ẹ ò bi í. Ó ní oko, ó ní ọmọkùnrin, ó ní ẹni tó máa bá a jà. Èmi nìkan ni mi ò lẹ́nì kan. Ẹ lé mi bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yé mu omi yẹn, ẹ dákun, torí àwọn ọmọ tó kù."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń pariwo ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ẹkún. Ojú mi ń ṣomi, n kò sì nù ún.

Délé ké pé kí kámẹ́rà dúró. "Mọ́mì! Mo ní kí ẹ jẹ́wọ́!"

Ìyá Ìbùkún tú gèlè. "Mo ti jẹ́wọ́. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn. Bó o bá fẹ́ òmíràn, wá ẹlòmíì." Níbo ni yóò ti rí ẹlòmíì, nígbà tí onílé ti dúró lẹ́nu géètì pé àkókò wọn ti tó?

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Délé kò bá a jà. Ó ní kò burú, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà á tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti Ìyá Ìbùkún tẹ̀ lé e lọ sí Computer Village, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fa aṣọ rẹ bóyá o fẹ́ tà tàbí o fẹ́ rà. A gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kékeré kan. Ọkùnrin tó ń gé fíìmù tẹ nǹkan bíi mélòó kan, ojú Ìyá Ìbùkún lórí kọ̀ǹpútà sì pọ́n yòò bí ẹ̀yinná láàrin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Éfẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú idán bẹ́ẹ̀. Ó tún tẹ òmíràn, òwìwí ké. Háà! Ọ̀rọ̀ tó pa wá lẹ́kún lánàá ti di irọ́ àjẹ́. Mo ti fi ọdún pípẹ́ kọ oògùn àti abàmì sínú ìwé, n kò rí oògùn tó burú tó ìyẹn rí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Ìbùkún dá mi dúró.

"Délé, ojú ta nìyẹn?"

"Mọ́mì, éfẹ́ẹ̀tì ni."

"Mo ní ojú ta ni? Èmi ni mo máa gbé e lọ sílé. Èmi ni mo máa fi wo ọmọ ọmọ mi. Ìwọ tí mo gbé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ, tí ìyá rẹ ò gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé ojú tí mo fi wò ẹ́ nìyẹn?"

Délé tẹ orí ba. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé kó yọ pupa yẹn kúrò. Mo ní òwìwí ńkọ́? Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi òwìwí sílẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹyẹ ò bá ké rárá, mo gbé." Mo jà, mo bẹ̀bẹ̀, ó rẹ̀ mí. A fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí: ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbùkún dúró bó ṣe sọ ọ́, ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ á ké lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

N kò rántí ohun púpọ̀ nínú ìpadàbọ̀ mi, oorun ni mo sùn. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: ẹ̀rù dùn ún tà ju òótọ́ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ òótọ́, kó tètè múra pé apá kan ni yóò rí gbà. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé ilé. Màámi Àgbà wà lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbùkún fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo wá sọ ti ẹyẹ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.

Ó wá ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, ké sí àwọn ọmọ àdúgbò. Kí wọ́n wá wò ó níwájú ilé yìí, èmi náà á jókòó sáàrin wọn. Bí ẹyẹ yẹn bá ké, kí wọ́n wo ojú mi."