Àgbò Tó Jẹ Fírísà Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Iléyá tó kọjá, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ó lè di àìsàn sí mi lára. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹ ẹ́ tán kó tó kà á o. Inú ṣì ń bí mi!

Ungwan Dosa là ń gbé níbí ní Kaduna, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Ọmọ Ìlọrin ni wá, àmọ́ Kaduna ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Sàdíà, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Makera tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù. Ọ̀gá wọn ní ọjà ò tà mọ́. Wọ́n dá àwọn kan dúró, wọ́n sì gé owó oṣù àwọn tó kù sí ìdajì. Bàbá Sàdíà wà lára àwọn tó kù, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì owó oṣù, ẹ̀yin náà ẹ wo ọjà kẹ́ ẹ sọ fún mi, kí ló fẹ́ rà?

Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá jọ sí pálọ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, a máa dín ìnáwó kù, pé kálukú ló máa fi nǹkan sílẹ̀. Mo ní kò burú. Kí n má purọ́, inú mi tiẹ̀ dùn pé ó bá wa sọ ọ́ lójúkojú, torí àwọn ọkọ mìíràn máa ń gbé e mọ́ra títí tó fi máa di ìbínú lórí ìyàwó.

A sì ṣe é! Mo gbé gáàsì sí kọ̀rọ̀, mo padà sí èédú. Búrẹ́dì àti tíì àárọ̀ di kókó àti àkàrà. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, a dá a dúró, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, awara wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí ní òkè Ọya, awara ni wàrà tí àwọn Hausa ń fi sóyà ṣe. Tẹ́ ẹ bá dín in dáadáa, tẹ́ ẹ bu ata sí i, ẹ lè gbàgbé ẹran fúngbà díẹ̀.

Aṣọ ọdún ńkọ́? Mo kó àǹkárá mi àtijọ́ fún télọ̀, ó fi rán aṣọ fún àwọn ọmọ. Sàdíà tó jẹ́ àkọ́bí ti ń di ọmọge, ojú ń tì í. Ó fi Hausa kùn lábẹ́ ètè, ó ní, "Wai kayan Mama za mu sa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ Mama náà lẹ máa wọ̀, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀!

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ló gbé wa dúró: fírísà mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ fírísà yìí dáadáa kẹ́ ẹ tó bá mi bínú. Owó àjọ tèmi ni mo fi rà á nígbà tí nǹkan ṣì dára. Inú rẹ̀ ni zobo, kunu àti omi inú ọ̀rá tí mò ń tà ti ń tutù. Ẹ ṣáà mọ ooru Kaduna? Bí oòrùn bá ti mú, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á tò síwájú ilé wa, wọ́n á máa pè mí ní Mama Zobo. Owó oṣù ọkọ mi ń san owó ilé àti owó ilé ìwé. Fírísà ló ń bọ́ wa.

Iléyá wá ń bọ̀. Ní àdúgbò wa, bí ọdún bá ti kù díẹ̀, oníkálukú á so àgbò rẹ̀ síwájú gẹ́ètì. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé o! Iwájú gẹ́ètì, níbi tí ẹni tó ń lọ sí mọ́sáláṣí àti ẹni tó ń bọ̀ máa ti rí i. Wọ́n á dúró, wọ́n á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n á wo ìwo rẹ̀, wọ́n á ní kí Ọlọ́run gbà á lẹ́bọ. Bí kò bá sí àgbò níwájú ilé rẹ, wọ́n á kàn kí ẹ, wọ́n á kọjá. Ìkíni yẹn ló ń pa àwọn ọkùnrin wa!

Mo ti tètè bá Bàbá Sàdíà sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tí kò ní, Ọlọ́run ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ti mọ́sáláṣí dé tó ń sọ pé alfa wàásù bẹ́ẹ̀? Ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, a ò ní pa nǹkan kan lọ́dún yìí. Mo lọ sùn, ọkàn mi balẹ̀. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe gọ̀ tó?

Ilé tó fara ti tiwa, ti Alhaji Sálíù ni. Ará Kwara bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èèyàn jẹ́jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan la jí, la rí àgbò níwájú gẹ́ètì wọn. Àgbò! Funfun báláú, ìwo rẹ̀ ká lọ, ó ká bọ̀. Àwọn èèyàn ń dúró tì í ya fọ́tò.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara ọkọ mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ó wá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́sáláṣí! Bí wọ́n bá bi í pé àgbò tiyín ńkọ́, á ní wọ́n ń bá òun mú un bọ̀. Ẹnu àwọn oníbàárà mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo bi í, ó ní òun kàn fi dá wọn lóhùn ni.

Àbúrò mi bímọ ní Barnawa, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Àárọ̀ ni mo lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo rí àgbò kan níwájú gẹ́ètì wa. Mo rò pé àgbò ẹlòmíràn ló já okùn, mo tiẹ̀ ti ń lé e! Sàdíà sáré jáde, ó ní, "Mama, ẹ fi í sílẹ̀, namu ne." Tiwa kẹ̀?

Mo wọlé. Ibi tí fírísà mi máa ń wà ṣófo. Eruku tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣẹ́ kù fún mi. Zobo tí mo rọ láàárọ̀ wà nínú bàsíà nílẹ̀, yìnyín ara rẹ̀ ti ń yọ́.

Mo ní, Bàbá Sàdíà, fírísà mi dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan dì mú kẹ́ ẹ tó ka ohun tó sọ:

"Ìyá Sàdíà, ṣebí a ní ká dín ìnáwó kù? Fírísà yẹn ń jẹ iná jù."

Háà! Mo wo ẹnu tó fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ò sì wò mí! Ó ní òun tà á fún Malam Bala tó ń tún fíríìjì ṣe ní oríta, owó rẹ̀ ni òun fi ra àgbò. Ó ní bí ọdún bá kọjá, òun á ra òmíràn fún mi. Pẹ̀lú ìdajì owó oṣù? Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì pa rédíò wọn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Mo ní èmi fi gáàsì sílẹ̀, àwọn ọmọ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, nígbà tó wá kan ìwọ, tèmi náà lo tún rí fi sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é ní ìwọ. Ó tó kí n pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àgbò náà sì ń jẹun o! Eèrí ọkà láàárọ̀, ewé ẹ̀pà gbígbẹ lọ́sàn-án, òmíràn tún ni lálẹ́. Àwa èèyàn ti fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀, àgbò ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ á dé, wọ́n á pe Mama Zobo, màá ní kò sí. Nígbà tó yá, wọ́n rí ẹlòmíràn rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ wa di ata àti iyọ̀, awara pàápàá di nǹkan ọlọ́rọ̀.

Ó wá ku ọ̀la Iléyá. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró níwájú ilé Alhaji Sálíù, ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbé àgbò ńlá yẹn sókè. Ọkọ mi wà níta, ó ń gbá abẹ́ àgbò tirẹ̀. Ó rò pé olè ni, ó figbe ta pé Alhaji, wọ́n ń gbé àgbò yín lọ!

Alhaji jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní kì í ṣe olè, àwọn tó ni ín ló wá gbé e. Àna wọn tó ń gbé Abuja ló rà á, kò sí àyè nílé rẹ̀, ló ní kí wọ́n bá òun so ó mọ́lẹ̀ títí ọdún á fi dé.

"Bàbá Sàdíà, ẹni tí kò rí pẹ́ńṣọ̀n gbà, ṣé ó máa sọ̀rọ̀ àgbò?" Bí Alhaji ṣe wí nìyẹn. "Àwọn èèyàn ṣáà ń kí mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn. Nígbà tí mo wá rí tìrẹ, wallahi, ojú tì mí."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àgbò bá-mi-tọ́jú-ẹ̀ ni ọkọ mi ń bá figagbága! Ẹni tí kò ní rárá ló tìtorí rẹ̀ ta ohun tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀!

Mo jáde sí i. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó tú àgbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí oríta, mo tẹ̀ lé e. Gbogbo àdúgbò ń wò wá. Wọ́n ń bi í pé ṣebí ọ̀la là ń pa á, ibo lẹ tún ń mú un lọ lónìí? Òógùn bò ó.

Malam Bala ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tá a débẹ̀. A ní àgbò rèé, kó gbà á kó dá fírísà padà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Haba, Hajiya! An sayar, wallahi. Ki yi hakuri." Wọ́n ti tà á, kí n ṣe sùúrù! Ará Zaria kan ló wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí, inú ló ń bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ẹ mọ bí ọjà àgbò ṣe ń rí nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la ọdún, àwọn olówó ti rà tán, àwọn tó kù ń wá ẹ̀dínwó. A tà á ní àdánù. Ohun tí owó náà rà lọ́wọ́ Malam Bala ò ju fírísà alòkù kékeré kan lọ, ìdérí rẹ̀ kì í pa dé àfi tí mo bá fi okùn dì í. Okùn àgbò ni mo fi dì í!

Lọ́jọ́ ọdún, bí a ṣe ti yídì dé, àwọn ọkùnrin dúró síwájú ilé wa, wọ́n ń bá ara wọn yọ̀. Èmi àti àwọn ọmọ wà lẹ́nu gẹ́ètì. Ẹnì kan béèrè pé Bàbá Sàdíà, ṣé ẹ ti pa tiyín?

Ọkọ mi gbé ojú sókè. Ó ní, "A ò pa nǹkan kan. Wọ́n ti gé owó oṣù mi sí ìdajì, a ò ní agbára rẹ̀."

Alhaji Sálíù ní òun náà ò pa. Ọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ lọ pọ́n ọ̀bẹ kò lọ mọ́, ó ní káwọn má tan ara àwọn, òun náà ò pa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, wọ́n mu kunu, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ.

Ṣé inú mi rọ̀? Díẹ̀. Díẹ̀ ni o! Torí gbólóhùn tó sọ lẹ́nu gẹ́ètì yẹn, èémí ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò san owó lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lù ú, ilé wa ò wó. Ká ní ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi í, fírísà mi ì bá wà ní ààyè rẹ̀!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ dín ìnáwó ilé kù, kó má tíì fọwọ́ kan búrẹ́dì ọmọ, kó kọ́kọ́ dín ojú ayé kù.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ tà nítorí ẹnu èèyàn tẹ́ ẹ ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ dòní? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má sá lọ o, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi!