Ìkúnlẹ̀ Àárọ̀ Wosilat

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Wosilat fún yín, nítorí ẹnu àwọn ará ilé wa ní òpópónà Bajulaiye ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yàrá òun àti ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ilé ìtẹ̀wé lòun àti Àbdùlsàmàd ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ ń tẹ̀wé, ìyàwó ń to ojú ìwé pọ̀. Wọn ò tíì lo ọdún kan pọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ dé láti Ṣàgámù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wosilat dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Kò kúnlẹ̀ o! Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin yìí kan náà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ kí onílé wa. Màmá rí i. Ta ni ò ní bínú? Èmi gan-an bínú. Mo ní aláfojúdi ni.

A ò mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ àti orúnkún ọmọ náà máa ń wú, á le gbagidi, kó tó wá dẹ̀ tí ọ̀sán bá pọ́n. Tí ọkọ rẹ̀ bá ti lọ sí mọ́sálásí, orí àga ló ti ń kírun àsùbá, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Àbdùlsàmàd ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá di ẹrù, ó ní òun ò lè gbé ibi tí wọ́n ti ń fojú di òun. Wosilat bá fi tipátipá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ó ti tó, dìde," ni Màmá wí.

Kò lè dìde. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ni Màmá bá kúnlẹ̀ tì í kó lè gbé e dìde.

"Yéè! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

Gbogbo ilé ló gbọ́ igbe yẹn. Ojú gbà mí tì. Èmi ni mo sáré wá kẹ̀kẹ́ tó gbé àwa mẹ́ta dé ọsibítù.

Dókítà ní àìsàn oríkèé ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àrùn jà, àwọn mìíràn sì wà tó ń dá wọn lẹ́kun. Lára Wosilat, àwọn tó ń jà ti pọ̀ ju àwọn tó ń dá wọn lẹ́kun lọ, ni wọ́n bá dojú ìjà kọ oríkèé ọmọ náà fúnra rẹ̀. Oògùn wà, tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ?" ni Màmá bi í.

Wosilat wolẹ̀. "Ojú ń tì mí, Màmá. Mo rò pé ẹ máa ní aláìsàn ni wọ́n gbé fún ọmọ yín, pé kó dá mi padà sílé wa."

Mo ń retí kí Màmá ní òun ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó fa ìborùn bo ojú.

"Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọmọ mi," ni ó wí.