Ìborùn Tí Mo Ká Kúrò Lójú Ọmọ Mi

"Ẹ má gbé ọmọ yìí wọ ọkọ̀ ojú omi o. Ọmọ tó bá ń bì nínú mọ́tò, tó bá dórí omi, á bì títí á fi dákú ni."

Ìyá àgbàlagbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ọ̀dọ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ìyàwó náà àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó àwọn ọmọ wọn lọ lo ìsinmi, wọn yóò sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin tó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Yóò kúkú dúró sọ́dọ̀ màmá mi." Mo wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà rí. Nígbà tí mo délé ni mo wá bírò láti kọ èyí.

Ní òpin àwọn ọdún 1980, Ògbómọ̀ṣọ́ ni à ń gbé, nítòsí Tákíé. Mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ohun tí mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n kọ nǹkan sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Màmá mi ń gbé ní Ọ̀yọ́, a sì máa ń lọ kí wọn ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta títí tó fi pé mẹ́wàá, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ìgbà kan tó dé Ọ̀yọ́ tí kò bì lọ́nà.

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Wọ́n ní ikùn òfìfo ló ń fa èébì, nítorí náà n kò jẹ́ kó jáde nílé láìjẹ ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín tó dán fún epo. Wọ́n ní kí n tẹ́ ìwé ìròyìn sí i níkùn lábẹ́ aṣọ. Mo tẹ́ ẹ. Mo fi rọ́ọ̀bù pa á nímú. Tí a bá ti wọ ọkọ̀, màá gbé e lé itan, màá kọjú rẹ̀ sí àyà mi, màá sì fi ìborùn mi bò ó lórí pátápátá kí eruku àti atẹ́gùn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́ ìborùn yẹn ni yóò ti dákẹ́. Itọ́ á máa kún un lẹ́nu, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù. A kì í jìnnà sí afárá Odò Ọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá mẹ́rin ni mo máa ń mú dání, méjì fún àlọ, méjì fún àbọ̀.

Nígbà kan, mo ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo sì fún un ní ìdajì hóró kan. Ó sùn láti Tákíé dé Ọ̀yọ́. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ń sùn. Ọ̀sán pọ́n, ó ń sùn. Mo ń gbé etí sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Màmá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ó má baà bì lo ṣe fẹ́ pa á?" N kò fún un mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ilé-ìwé wọn fẹ́ mú àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo òkun. Ọmọ mi ló ṣe ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀. Kò rí òkun rí. Láti ìgbà tó ti gbọ́, kò sí ìwé rẹ̀ kan tí kò ya ọkọ̀ ojú omi sí lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń múra láti dúpẹ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ìyá wa, ẹ jókòó. Ẹ rántí ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ sí ìdíje ní Ìresà?"

"Mo rántí, mà. Ẹ má bínú."

"Aṣọ ọmọ mẹ́ta ló bà jẹ́ lọ́jọ́ náà. Aṣọ tèmi ló ṣìkẹrin."

"Ẹ jọ̀wọ́, mà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí, mo mọ bó ṣe ń fì. Ẹ bá wa dé Ọ̀yọ́. Tí ó bá bì kí a tó débẹ̀, kí ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá yín. N kò lè gbé e sórí omi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà nígbà tí a ń pọn omi. Mo rò pé yóò sunkún. Ó gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa fi Ìresà kọ́ ọ."

"Kọ́ kí ni?"

"Àìbì."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà mẹ́ta sí i, ó di òpó mẹ́rin: ọjọ́, oúnjẹ, ibi tó jókòó, ibi tí inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú. A kọ́kọ́ lọ sí Ìresà pẹ̀lú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, lórí itan mi, lábẹ́ ìborùn. A ò tíì jáde tán nínú ìlú tó fi bì. Ọ̀sẹ̀ kejì, n kò fún un ní oúnjẹ rárá. Omi aláwọ̀ ewé kíkorò ló bì. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ ni, n kò sì rí nǹkan kan kọ́ nínú rẹ̀.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà, a wọ ọkọ̀ ní Tákíé. Dẹ́rẹ́bà jẹ́ bàbá kan tó ń gbé ní Sábó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó yíjú padà, ó rí bí mo ṣe ń wé ìborùn.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ dì síbẹ̀ yẹn bí ẹrù?"

"Ọmọ mi ni, bàbá. Èébì máa ń gbé e."

"Ẹ sì wá bò ó mọ́lẹ̀ kí èébì lè ráyè gbé e dáadáa?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Bàbá náà kò tíì parí ọ̀rọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, mi ò bì rí. Ojú mi wà lọ́nà ni. Ẹ gbé mi lọ sẹ́yìn kí ẹ daṣọ bò mí lójú, a ò ní dé Odò Ọba tí màá fi da oúnjẹ àárọ̀ mi sílẹ̀."

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ lé ẹsẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn, "Bàbá, ẹ má dà á sórí adìẹ mi o!"

"Ẹ gbé ọmọ náà wá síwájú níbí, kẹ́yin náà wá jókòó tì í. Ojú lẹ dì fún un, ìyá ọmọ. Ojú lẹ dì."

Mo sọ ti eruku. Mo sọ ti òtútù. Mo sọ ti bíréèkì, pé tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lójijì ńkọ́? Ó ní òun yóò rọra wà á. Mo ká ìborùn náà kúrò lórí ọmọ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ojú egbò. Ó la ojú, ó wo ọ̀nà, ó sì mí kanlẹ̀. A gun afárá Odò Ọba, a kọjá. Mo ti ṣí ẹnu ọ̀rá sílẹ̀, kò bèèrè rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ọ̀yọ́, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọ ìwé jáde nínú báàgì, ó tẹrí ba láti ya ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ó bì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìwé mi ní ohun tó lè sọ fún mi. Mo kọ ọ́: "Ojú lọ́nà, kò bì. Ó wo ìwé, ó bì." Bí a ṣe fẹ́ padà, màmá mi fún un ní búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ àti ègé àtalẹ̀ kékeré pé kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó jókòó síwájú, a ṣí fèrèsé, kò wo ìwé. A dé Tákíé, ọ̀rá méjèèjì wà ní kíká nínú báàgì mi. A tún lọ sí Ìresà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Kò bì.

Ohun tí n kò rò ni ọkọ̀ ilé-ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò náà, ọ̀gá ilé-ìwé ti jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, bó ṣe yẹ àgbà. Àwọn ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ sí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Mà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú."

"Kí èmi lọ sẹ́yìn, kí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó síwájú? Ìyá wa, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

Bí mo bá jẹ́ wọn, èmi náà ì bá bínú. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Mọ́mì, ẹ dìde. Mo rí ọ̀nà láti ibí." Ó ti bẹ ọmọ kan, wọ́n ti pààrọ̀ àyè. Ó jókòó sí àárín ìjókòó tó tẹ̀ lé ti iwájú, níbi tó ti lè máa wo ọ̀nà láàárín èjìká dẹ́rẹ́bà àti gèlè ọ̀gá. Mo dìde, mo wọlé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọwọ́ mi kò lè tó o. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fún ìborùn mi bí ẹni tó ń fún aṣọ tó tutù.

Àwọn ọmọ ń kọrin, wọ́n ń ṣeré. Òun kò yíjú sí wọn. Kò yíjú sí èmi náà. Odò Ọba dé, ó lọ. Mo ń wo ọrùn kékeré yẹn, tó nà gbọnrangandan, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ wò mí, pé kò jẹ́ wò mí nítorí pé yóò bì.

Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, ọkọ̀ dúró. Ọ̀gá ilé-ìwé wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n wo aṣọ rẹ̀, wọ́n wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ lè sọ̀." Èmi nìkan ni mo sọ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo dúró ní Tákíé, mo rí ọkọ̀ wọn tó ń bọ̀. Ẹni tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ni ọmọ mi. Ọ̀gá ilé-ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá fúnra wọn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi kí wọ́n tó sọ̀ tán. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi súnmọ́ òkun, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè sódò. Gbogbo wọn sá wọ inú yàrá ọkọ̀. Ọ̀gá dùbúlẹ̀, wọ́n fi gèlè bo ojú, wọ́n sì ń bì. "Ọmọ yín wá ká gèlè lójú mi," ni wọ́n wí. "Ó ní, 'Mà, ẹ jẹ́ ká jáde síta, sí àárín ọkọ̀. Ẹ má wo omi tó wà nítòsí. Ilẹ̀ tó wà lókèèrè yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.' Ó di ọwọ́ mi mú. Ìyá wa, nǹkan rọlẹ̀."

"Òun ńkọ́, mà?"

"Inú rú u díẹ̀. Kò bì."

Ọmọ mi sọ̀, ó di mọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, òkun tóbi ju bí mo ṣe yà á lọ." Mo ṣì ní ìwé kékeré náà. Ìlà tó gbẹ̀yìn, òun ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: "Òkun. Búrẹ́dì àti àtalẹ̀. Mo dúró síta. Kò sí èébì."

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń bì lọ́nà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi í sílẹ̀ nílé. Ẹ fún un ní oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fún un ní oògùn kankan, ẹ ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó máa wo iwájú. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, bí ìyá kan bá bẹ̀ yín nítorí ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ọmọ náà pààrọ̀ àyè.